Títún orí ẹ́ńjìnì alùpùpù oní-mẹ́láńjì ṣe nílé: ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa á

Písítìn méjì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà ẹ́ńjìnì, ló wà lójú fèrèsé yàrá mi ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀kan jóná lọ́nà Pọbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Èkejì ni tuntun tí mo fi rọ́pò rẹ̀, kò sì pé ọjọ́ mẹ́rin tí òun náà fi gan mọ́ sìlíńdà. Alùpùpù bàbá mi ni, Suzuki AX100 tí wọ́n fi ń lọ sóko lọ́nà Ìlárá kí orúnkún tó dá wọn dúró sílé. Lẹ́ẹ̀kíní yẹn, mo ra písítìn, mo ra rìǹgì tó ń yí i ká, mo tò wọ́n sínú, mo sì nu ọwọ́ mi. Mi ò bi ara mi léèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ohun náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì pa ìkejì.

Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí wíwádìí àti wíwọ̀n ju lórí títò lọ. Títò ò le, ẹni tó bá ní sípánà, àkísà tó mọ́ àti ọjọ́ kan tí kò kánjú á ṣe é.

Ohun tí mo ń sọ bá àwọn ẹ́ńjìnì tú-sítírókù (oní-mẹ́láńjì, tí ọ́ìlì ń bá epo wọlé) kéékèèké tí atẹ́gùn ń tù lára mu: AX100, Yamaha RX100, àti irú wọn. Ìwọ̀n tí màá dárúkọ, ti sìlíńdà 50 mm ni, nítorí 50 mm ni ti AX100 àti RX100. Bí tiyín bá yàtọ̀, ìwé tó bá písítìn yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ṣókí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti wá. Ẹ́ńjìnì yìí ò ní irú fáàfù tó wà lórí ẹ́ńjìnì fọ́-sítírókù. Písítìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí àwọn ihò ara sìlíńdà tó sì ń dí wọn. Bó bá ń gòkè, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ wọ ilé kíráńkì (irin tí písítìn ń yí) nísàlẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ sókè sórí ara rẹ̀. Ọ́ìlì tó bá epo yẹn wọlé nìkan ló ń ta sí písítìn, béárìn àti kíráńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wá rí ibòmíràn gbà wọlé tí kò ti inú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò, kọjá, epo á kéré sí afẹ́fẹ́, iná inú rẹ̀ á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ọ́ìlì tó yẹ kó gbà á là ò sì ní tó.

Ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó tú u

Ìdánwò yìí ni mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, ẹ ó sì wò ó bóyá á dúró.

Ẹ yọ kábúrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà. Ẹ gé túùbù táyà àtijọ́, ẹ fi dí ibi tí sàlẹ́ńsà ti kúrò, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ àti bóòtù rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tó le dí ẹnu ibi tí kábúrétọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá búgì tó ti kú (plọ́ọ̀gì ni àwọn ará Mẹ́kọ máa pè é), ẹ fọ́ tánganran inú rẹ̀ dànù, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó ń le bí irin lẹ ẹnu fáàfù táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ yí kíráńkì títí písítìn á fi wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ihò ẹ̀gbẹ́ lè so òkè pọ̀ mọ́ ilé kíráńkì.

Ẹ ó nílò ohun tó ń ka agbára afẹ́fẹ́, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń wọn táyà ò dára, nọ́ńbà rẹ̀ ti ga jù. Àbúrò ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló yọ mí nínú ìyọnu. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, irú èyí tó ní ojú bí aago, aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá ti ya lára rẹ̀. Aago yẹn àti bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fún ni mo gbà, mo sì fi róbà kan so wọ́n mọ́ búgì. Ojú aago náà parí sí 300, 300 yẹn sì jẹ́ nǹkan bíi 0.4 bar, ìwọ̀n gan-an tí a fẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi pọ́ǹpù ńlá ti àwọn tó ń lẹ táyà ṣe é o, ó lè tu ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kíráńkì kí afẹ́fẹ́ má gba ibẹ̀, jáde kúrò nílé rẹ̀.

Ẹ fún un dé 300, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọwọ́ aago bá rọra wá sí 260 tàbí 270, kò burú. Tèmi ò dúró rárá. Mo fún un, ó ń bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ òkè kalẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan tó ti dé 100. Mo pò ọṣẹ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí ìdí sìlíńdà ká: kò hó. Mo kùn ún síbi tí kábúrétọ̀ ń dè mọ́: kò hó. Mo wá yọ màgínẹ́ẹ̀tì tó ń pèsè iná mànàmáná, mo kan omi ọṣẹ sí ọ́ìlì síìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìfófò funfun sì wú bọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ètè ọmọ tó ń mu wàrà. Rọ́bà kékeré tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ló jó písítìn méjì.

Síìlì kejì wà lápá kíláàṣì. Bí èyí bá jò, ẹ ò ní rí ìfófò níta, inú gíàbọ́ọ̀sì ni afẹ́fẹ́ á gbà. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì gíà sí, kí ẹ tẹ́tí. Àmì mìíràn ni pé ọ́ìlì gíà á máa dín kù láìsí pé ó ń kán sílẹ̀, èéfín á sì pọ̀, á máa rùn bí ọ́ìlì gíà.

Títú

Ẹ fọ ẹ́ńjìnì kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan. Eruku pupa tiwa yìí, bó bá já bọ́ sínú ilé kíráńkì, iṣẹ́ tí sáńpépà ń ṣe ló máa ṣe níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo àárín ìyẹ́ sìlíńdà àti ìdí rẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà (kúlásì ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń pè é) díẹ̀díẹ̀ ní ìdákọjá: èyí, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i. Bí sìlíńdà bá lẹ̀, ẹ fi igi tàbí òòlù rọ́bà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ti sukuduráfà bọ àárín rẹ̀ láti fi hú u. Ojú irin tó bá ha níbẹ̀, ojú ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé lọ́la nìyẹn.

Bí ẹ bá ti ń gbé sìlíńdà sókè, kó tó kúrò lórí písítìn, ẹ ti àkísà tó mọ́ yí kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì) ká láti dí ẹnu ilé kíráńkì. Ẹ má fò ó. Kílíìpù tó di píìnì písítìn mú máa ń fò bí tata, tó bá já sísàlẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnì lẹ ó tú láti wá a. Ẹ fi àtàǹpàkò bò ó bí ẹ bá ń yọ ọ́. Bí píìnì ò bá fẹ́ jáde, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná wé písítìn fún ìgbà díẹ̀, á rọra yọ̀. Ẹ má fi òòlù gbá a, kọ́ńrọ́ọ̀dù ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Kí ni písítìn ń sọ?

Ẹ fi epo fọ písítìn tó kú, ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ wò ó dáadáa.

Bó bá ha lọ́pọ̀ lápá ibi tí sàlẹ́ńsà wà nìkan, ooru ni tàbí àìtó ọ́ìlì. Apá ibẹ̀ ló ń gbóná jù. Bí orí rẹ̀ bá funfun tí búgì náà sì funfun, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ: ẹ wá ibi tó ń jò, tàbí kí ẹ wo ihò kábúrétọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Bí orí rẹ̀ bá ti lu, iná inú rẹ̀ ló ti ń bú gbàù kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Búgì tó gbóná jù tàbí epo tí kò dára wà lára ohun tó ń fà á.

Bó bá ha níbi mẹ́rin yíká, bí igun mẹ́rin ilé, àyè tó wà láàrin písítìn àti sìlíńdà ti há jù, tàbí ẹni tó gùn ún ò jẹ́ kó móoru kó tó fún un ní gáàsì.

Ti ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń rin ọ̀nà oko lọ́dọ̀ wa kì í gan rárá. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ó rí i pé apá ibi tí kábúrétọ̀ wà lára písítìn ti di ràkọ̀ràkọ̀, kò dán mọ́, bí ẹni fi yanrìn pa á, rìǹgì sì ti tín-ín-rín. Eruku tó gba fílítà kọjá ló ṣe é. Bí ẹ bá rí i, fílítà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ẹ fi omi ọṣẹ fọ fóòmù rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì pa á kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì wò ó bóyá àpótí rẹ̀ ti là.

Wíwọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ di orí kọ́ńrọ́ọ̀dù mú, ẹ fà á sókè kí ẹ tì í sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá nínú ìdarí yẹn. Kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kò burú. Bó bá ń dún kọ kọ, béárìn ìsàlẹ̀ ti lọ, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí písítìn kí ẹ tó tún kíráńkì ṣe.

Sìlíńdà ló kàn. Oníṣẹ́ tọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní irinṣẹ́ tó ń wọn inú rẹ̀, ẹni tó wà nílé lè má ní. Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ni ní nǹkan ju fílà géèjì lọ, ìyẹn àwọn abẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ẹ mú rìǹgì kan (sẹ́gìmọ́ọ̀n ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa), ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú sìlíńdà, kí ẹ fi orí písítìn tì í kó lè dọ́gba. Ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí rìǹgì kì í dé tí kò sì jẹ rí. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárín, àti lókè. Ẹ yọ ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kúrò nínú èyí tó tóbi jù, kí ẹ fi 3.14 pín ohun tó kù. Ìdáhùn rẹ̀ ni bí sìlíńdà ṣe jẹ tó. Tèmi jẹ́ 0.30 mm nísàlẹ̀, 0.62 mm níbi tó burú jù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ 0.32, ẹ pín in, ó lé díẹ̀ ní 0.10 mm. Sìlíńdà tó ti jẹ tó bẹ́ẹ̀, rìǹgì tuntun ò lè gbà á là, ó gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo gbé tèmi lọ. Ẹ gbé písítìn tuntun dání! Ẹ má kàn sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí 0.50, ìyẹn kó fi 0.50 mm fẹ̀ ju ti sítáńdáàdì lọ. Písítìn tí wọ́n kọ 0.50 sí lórí lè dín tàbí lé díẹ̀, nítorí náà písítìn tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n gbẹ́ sìlíńdà bá a. Ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ (ara písítìn tó wà nísàlẹ̀ rìǹgì) ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ní ìdákọjá ibi tí píìnì gbà. Àyè tó yẹ kó wà fún irú ẹ́ńjìnì yìí máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.04 sí 0.06 mm, bí àpótí písítìn bá sọ ohun mìíràn, ohun tó sọ ni kí ẹ ṣe. Rìǹgì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.50. Nígbà kan, wọ́n ta písítìn 0.50 fún mi pẹ̀lú rìǹgì sítáńdáàdì nínú páálí kan náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wọ̀n ọ́n nílé.

AX100 àti RX100 ní irin dúdú nínú sìlíńdà wọn, èyí ló jẹ́ kó ṣeé gbẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n fi nǹkan líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú wọn, ìyẹn kò ṣeé gbẹ́ báyìí.

Bó bá ti orí ẹ̀rọ dé, ẹ mú òwú, ẹ fi nu etí gbogbo ihò inú sìlíńdà. Bí òwú bá ń kọ́ níbì kan, etí ibẹ̀ ṣì mú, á ké rìǹgì. Ẹ ní kí wọ́n fi okúta kékeré pa á rẹ́.

Fífọ̀

Epo bẹntiróòlù kì í kó lúbúlúbú irin kúrò nínú ojú ìlà sìlíńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ó kàn ń gbé e kiri ni. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ń kó o. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rin ín, ẹ ṣàn án, ẹ tún un ṣe. Bó bá gbẹ, ẹ ta ọ́ìlì sí aṣọ funfun, ẹ fi nu inú rẹ̀. Aṣọ á dúdú. Ẹ mú òmíràn. Mo lo odidi singileeti àtijọ́ kan kí aṣọ tó jáde ní funfun. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láìní ọ́ìlì lára, irin tuntun yẹn á dípẹtà lójú yín níbẹ̀, pàápàá nígbà òjò.

Orí sìlíńdà: ẹ fi igi tó mú ha èédú inú rẹ̀, ẹ má fi irin. Ẹ tẹ́ sáńpépà 400 sórí dígí tó nípọn, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ yí orí náà lórí rẹ̀ bí àmì 8 títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Ẹ ha èédú ẹnu ọ̀nà sàlẹ́ńsà pẹ̀lú.

Títò

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì tó jò, kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ẹ tẹ rìǹgì kọ̀ọ̀kan sínú sìlíńdà, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀. 0.15 sí 0.35 mm dára fún 50 mm. Bó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá gbóná ẹnu méjèèjì á pàdé, rìǹgì á sì gan. Ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ pa á díẹ̀díẹ̀, láti ìta wá sínú. Lẹ́tà tó wà lára rìǹgì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Nínú ojú ibùsùn rìǹgì lára písítìn, píìnì kékeré kan wà. Ẹnu rìǹgì gbọ́dọ̀ gbá a mọ́ra, kó má lè yí lọ kọ́ sínú ihò.

Béárìn kékeré orí kọ́ńrọ́ọ̀dù, ẹ ra tuntun. Ẹ fi ọ́ìlì rẹ ẹ́ gbingbin. Ọfà orí písítìn kọjú sí sàlẹ́ńsà, ìyẹn iwájú. Kílíìpù tuntun nìkan ni kí ẹ lò, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀ gan-an, kó má ṣe bọ́ sójú ibi tí wọ́n gé fún yíyọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí i tán, ẹ fi èékánná yí i wò: bó bá ti jókòó nínú ilé rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé, kẹ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sìlíńdà, ẹ fi í sí i ní gbígbẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn sílíkóòn, àmọ́ èyí tó bá yọ sínú á jábọ́ sínú ihò ẹ̀gbẹ́ tí epo ń gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé lò ó níbẹ̀.

Ẹ fi ọ́ìlì kun inú sìlíńdà, ẹ fi ìka méjì fún rìǹgì pọ̀, kí ẹ gbé sìlíńdà sọ̀ lé písítìn lórí. Ẹ má yí i sọ́tùn-ún sósì rárá. Tó bá dúró, ẹ gbé e sókè kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi agbára tì í. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa àkísà yọ. Ẹ wò ó dáadáa kó tó jáde, torí ohun tó bá wà lórí rẹ̀ lè já bọ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì orí, tuntun. Ẹ dè é ní ìdákọjá, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá ní sípánà oníwọ̀n, nọ́ọ̀tì 8 mm sábà máa ń gba 20 sí 25 Nm.

Ẹ tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i pẹ̀lú aago nọ́ọ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí, tèmi dúró sí 285 fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Mo pe bàbá mi wá wò ó.

Títan án àti rírìn ín wọlé

AX100 ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ àti pọ́ǹpù tó ń fà á. Bí róbà rẹ̀ bá ti kúrò rí, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ tú sukúrù kékeré ara pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn títí kò fi ní sí ìfófò nínú rẹ̀ mọ́. Fún táǹkì epo àkọ́kọ́, ẹ tún da 20 ml ọ́ìlì tú-sítírókù sí lítà epo kọ̀ọ̀kan kó lè dá ọkàn yín lójú.

Alùpùpù tí kò ní pọ́ǹpù, 20 ml sí lítà kan jẹ́ 1 sí 50. 40 ml jẹ́ 1 sí 25. Ẹ fi sìríńjì wọ̀n ọ́n fúnra yín. Mẹ́láńjì, ìyẹn epo àti ọ́ìlì tí wọ́n ti pò sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó pò ó nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, fúnra rẹ̀ ti wọ́n gan-an láti ìgbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọwọ́ tó ń là á sì ti pọ̀ sí i. Ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí orí rẹ̀ á fi gbóná tí ọwọ́ ò lè gbé e pẹ́, kí ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn èyí, nígbà tó bá tutù, ẹ tún wo nọ́ọ̀tì orí.

Fún 500 km àkọ́kọ́, ẹ má kọjá ìdajì gáàsì, ẹ má sì fi gáàsì kan náà rìn lọ títí: ẹ máa gbé e sókè, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ òkè gígùn kalẹ̀, ẹ má ti gáàsì pa nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń yí lọ fíofío, torí bí epo ò bá wọlé, ọ́ìlì tó bá a rìn ò wọlé nìyẹn. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ di kíláàṣì mú.

Bí 500 km bá pé, ẹ yọ búgì. Àwọ̀ kọfí oníwàrà ni a ń wá. Lẹ́yìn náà ẹ yọ sàlẹ́ńsà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí aṣọ písítìn bó ṣe ń kọjá àti rìǹgì méjèèjì. Kó máa dán, kó má ha. Èyí tó wà nínú alùpùpù bàbá mi báyìí, ìlà tí fáìlì ẹ̀rọ fi sára rẹ̀ ṣì hàn yíká, wọ́n sì ti gùn ún dé Ìlárá lọ gba iṣu wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.